Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi: ṣé kí n sọ fún kánsù?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní Coventry ń lọ sí Mọ̀pà, wọ́n fẹ́ lọ tọ́jú ìyá wọn fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún 11, máa wà lọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n sọ fún kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ni mo máa lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àlejò?

Bọ̀dá Kàbà (Manchester): Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ yín.

Àǹtí Ẹ̀gbẹ̀ (London): Bọ̀dá, ẹ má dẹ́rù bà á, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Ìbejì, ìyá tàbí bàbá kan náà ló bí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yìí?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Agbo ilé kan náà la dàgbà sí.

Àǹtí Ẹ̀gbẹ̀: Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Nínú òfin ọmọdé ti 1989 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí (Children Act), mọ̀lẹ́bí ni òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, àti ọkọ tàbí aya òbí. Àwa tí à ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ní ẹ̀gbọ́n, kò sí tiwa níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tó bá máa lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ yín, private fostering ni wọ́n ń pè é, kánsù sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, láàárín wákàtí 48 tó bá dé. Ẹni tó bá dákẹ́ ló ń rú òfin. Wọ́n á wá wo yàrá tí ọmọ náà máa sùn, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Wọ́n ní ẹnì kan ní ń bímọ, igba èèyàn ní ń tọ́ ọ: kánsù kàn fẹ́ mọ igba yẹn lórúkọ ni. Àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ o, nítorí náà ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín fún ilé ìwé àti dókítà kí wọ́n tó wọ bàálù.

Ọmọ Ìyàrá (Luton): Àǹtí, èmi ńkọ́? Ìyàwó mi ti bí ọmọ kan kí n tó fẹ́ ẹ. Èmi ni mò ń mú un lọ ilé ìwé.

Àǹtí Ẹ̀gbẹ̀: Ìgbéyàwó nìkan kò fún ẹ láṣẹ lórí rẹ̀. Láti òpin 2005 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà fún ọkọ ìyá: fọ́ọ̀mù C(PRA2), ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ń fún un láṣẹ lórí ọmọ. Ìyá rẹ̀ á fọwọ́ sí i, bàbá tó bí i náà á fọwọ́ sí i bí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìyàrá: Lọ́kọ́jà ló wà. Kì í gbé fóònù.

Àǹtí Ẹ̀gbẹ̀: Ilé ẹjọ́ nìyẹn. Wọ́n lè fún ẹ láṣẹ láìsí tirẹ̀. Òfin ibí ti gba ọkọ ìyá mọ́ra, ó ti gba obìnrin méjì tó jọ ń tọ́ ọmọ mọ́ra, àwa ará agbo ilé kan náà nìkan ni kò tíì rántí.

Ìyá Ìbejì: Mo ti pe kánsù. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.

Bọ̀dá Kàbà: Ẹ tún yàrá yẹn ṣe o. Kí àwọn ìbejì kó bàtà wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.