Àjọ̀dún Kátólíìkì wo ni mo lè fi kọ́ ọmọ ní ìmoore?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tíṣà, àwọn ọmọ mi mọ "ẹ ṣé" lẹ́nu àmọ́ kò dénú wọn, kí ni mo lè lò ní Nòfẹ́ńbà?

— Ẹ lo 11 Nòfẹ́ńbà, ti Martin Mímọ́ ti Tours. Sójà ni, ó fi idà gé aṣọ ìlékè ẹ̀ sí méjì fún alágbe tí òtútù ń pa. Mo gé aṣọ gidi níwájú wọn, kíláàsì pa lọ́lọ́, mo wá ní kí kálukú dárúkọ ẹni tó ṣe é lóore.

— Ẹ má fo 2 Nòfẹ́ńbà náà, ìrántí àwọn òkú. Ọmọ kan kọ ọ́ sí pépà pé ìyá àgbà òun ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

— Ẹ ṣeun gan-an, màá wá aṣọ.