Ara ológbò mi ń bó lẹ́yìn, ṣé kí n fi àdí pa á?

Ìyá Ṣadé
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Akọ ológbò ni, ọmọ ọdún 5, kílò 6. Nǹkan funfun wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun ń já bọ́ láti àárín ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdí ìrù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ họra. Ẹ̀bà tó kù sínú abọ́ ló ń jẹ, tòun tọbẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi àdí pa á, ẹlòmíì ní kí n kán kẹrosíìnì sómi ìwẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Igbógbó
Ẹ kú ilé, mà. Ẹ gbé kẹrosíìnì yẹn jìnnà! Ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá fi pa á lára, inú ló ń lọ. Izal àti Dettol náà kò dáa fún un: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára àtipa irú oró bẹ́ẹ̀. Àdí ò le tó ìyẹn, àmọ́ bó bá lá a, ó lè fi yàgbẹ́ gbuuru, eruku ọyẹ́ á sì lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀.

Ẹ wo ibi tó ti ń bó. Ológbò tó bá sanra kò lè yíjú dé ìdí ìrù, kò sì lè lá ibẹ̀, ni awọ tó kú bá ń kó jọ síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ìhà rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan kẹ́ ẹ tó mọ eegun, ó ti sanra jù nìyẹn. Ẹ máa fi òòyà ya ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́, síhà ibi tí irun kọ sí. Ẹ dín oúnjẹ kù díẹ̀díẹ̀, ẹ má febi pa á o: bí ológbò tó sanra bá fi ọjọ́ 2 tàbí 3 gbààwẹ̀, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì lè pa á.

Aládìẹ Sábó
Ẹ̀bà ni ọ̀tá tèmi níbẹ̀. Ẹran ni oúnjẹ ológbò, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ bọ adìẹ láìsí iyọ̀, láìsí ata, kẹ́ ẹ fi ọkàn adìẹ díẹ̀ sí i. Ẹja Titus bíbọ̀, tẹ́ ẹ ti yọ eegun rẹ̀, á tó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ ló ń ṣe awọ láǹfààní. Òróró kò lè rọ́pò rẹ̀, torí ara ológbò kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rá inú èso di irú èyí. Ẹ da omi ẹran náà lé e, torí ológbò kì í mumi púpọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí irun tó fi hàn.

Dókítà Ẹran
Kó tó kan oúnjẹ, ẹ fi òòyà yà á sórí náílọ́ọ̀nù dúdú nínú oòrùn. Bí funfun náà bá ń rìn, kòkòrò ni, ó sì máa ń ràn mọ́ èèyàn. Bí dúdú wẹ́wẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e sórí tíṣù tútù: bó bá pọ́n, ìgbẹ́ eégbọn ni. Bí irun bá pá róbótó, ẹ rò ó sí làpálàpá, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé gbé e. Ẹ má fi oògùn eégbọn ajá sí i lára láé: permethrin tó wà nínú òmíràn ń pa ológbò.

Ìyá Ṣadé
Ẹ ṣé gan-an. Mo yà á: kò rìn, kò sí dúdú. Ṣé kí n wẹ̀ ẹ́?

Dókítà Ẹran
Rárá, mà, ìwẹ̀ á tún gbẹ awọ náà sí i. Òòyà àti oúnjẹ ti tó. Àmọ́ bó bá ń mumi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 8, ẹ gbé e wá kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò.