Olóṣèlú fẹ́ kí n bá òun kọ̀wé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń bá àwọn gbajúmọ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn n'Íbàdàn. Wọ́n á sọ tẹnu wọn, n ó gbà á sórí fóònù, n ó wá kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ló kọ ọ́. Ohùn ló nira jù: òṣèré kan tí mo bá ṣiṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ kó má pòwe, mo sì ní láti mọ èyí tí n ó yọ.

Olóṣèlú kan ti wá dé báyìí. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ san, orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀, n ò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Tony Schwartz tó bá Donald Trump kọ̀wé ní 1987 gba ìdajì owó ìwé, orúkọ rẹ̀ sì wà lára èèpo. J. R. Moehringer tó bá Andre Agassi, agbá-tẹníìsì nì, kọ tiẹ̀ ní 2009 ló fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun síwájú ìwé. Èmi ò rí ààyè yan ohunkóhun, ó sì ń dùn mí.

Kí ni n ó fi han oníbàárà mìíràn lọ́la? Ṣé ẹ máa ń gba owó díẹ̀ ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.