Àpò tí mò ń rán nílé ti gbà mí lọ́kàn pátápátá, ṣé kí n máa tà á ni àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Tíṣà_Bódìjà:

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ tòní ti kún mi nínú. Tíṣà ni mí n'Ìbàdàn, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò kọ́ṣẹ́ ìránṣọ rí láyé mi. Mọ̀mí mi ló ní màṣíìnì, Singer dúdú tí wọ́n ń fọwọ́ yí yẹn, òun ni wọ́n fi ń rán kọ́tìnnì àti yẹ̀rì nígbà tá a wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n lọ, ọdún kejì rèé, a jókòó pín ẹrù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ òkè, èmi ní kí wọ́n fún mi ní màṣíìnì àti àpótí tí Mọ̀mí ń kó àgékù aṣọ sí. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Inú àpótí yẹn ni mo ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, Ìbàdàndùn, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára ẹ̀. Ó ti gbó létí, kòkòrò sì ti jẹ ẹ́ ní igun kan, kò ṣeé ró mọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò lè jù ú nù. Sátidé kan báyìí tí iná ò sí tí fóònù mi ti kú, mo kàn jókòó, mo gé ibi tó ṣì dáa nínú ẹ̀, mo rán an ní àpò. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ o, ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ mi ti ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mi. Mi ò rántí ìwé tí mo fẹ́ máàkì, mi ò rántí owó ilé. Látìgbà tí Mọ̀mí ti lọ, ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lójú mi báyìí.

Látìgbà náà mo ti rán 21. Àgékù aṣọ ẹbí, jíǹsì ọkọ mi tó ti ya lórúnkún, àpò ìrẹsì pàápàá mo ti fi ṣe láíníǹgì. Ó ti débi pé tí mo bá wà nínú mọ́tò màá máa wo aṣọ ẹni tó jókòó níwájú mi, màá máa rò ó pé ibi báyìí ni mi ò bá ti gé e, ibi báyìí ni síìpù ì bá wà. Mo tiẹ̀ ti gbé àpò kan wọ kíláàsì láti fi kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá iye tí nǹkan lè gbà nínú, àwọn tí kì í la ẹnu ló kọ́kọ́ nawọ́.

Ìṣòro mi jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, àwọn àpò mi kì í dúró, tí n bá gbé wọn kalẹ̀ wọ́n á rọ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo fi gum stay, èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ kó lè le, sí i o. Èkejì ló wá ń dà mí láàmú. Gbogbo ẹni tó bá ti rí i ló ń ní kí n máa tà á. Ọkọ mi ti ń ṣírò èrè. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa wá fẹ́ kí n rán 40 fún súfíníà ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, aṣọ kan náà, sáìsì kan náà. Ọ̀kan máa ń gbà mí ní bíi wákàtí 5. Owó ẹ̀ á wúlò, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rántí 40 yẹn báyìí àyà mi á já, á dà bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nídìí ẹ̀ ṣáájú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Alápò_Mushin:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ Màmá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti àpò tó ń rọ̀ yẹn. Gum stay tí ẹ ń lò, ó dà bíi pé èyí tó fẹ́lẹ́ ni. Ìyẹn kàn ń jẹ́ kí aṣọ nípọn díẹ̀ ni, kò lè gbé àpò nàró. Ẹ ra hard stay, tàbí fóòmù pẹlẹbẹ tí àwa alápò ń lò, kẹ́ ẹ fi sí àárín aṣọ ìta àti láíníǹgì. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay, ẹ má fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ aṣọ o, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ka bíi 10, ẹ gbé e sókè, ẹ tún tẹ ibi tó kàn, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èyí tẹ́ ẹ ń rí tó máa ń wú kúùkùù lára aṣọ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, fífà ni wọ́n sábà máa ń fà á.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà ṣe kókó. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìdí àpò fẹ̀ tó ínṣì 4, ẹ gé ínṣì 2 sí ínṣì 2 kúrò ní igun ìsàlẹ̀ méjèèjì, lára aṣọ iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí ẹ bá ti rán ẹ̀gbẹ́ àti ìdí tán kẹ́ ẹ ṣí igun yẹn kí ojú ìránṣọ méjèèjì pàdé ara wọn, kẹ́ ẹ wá rán an ní ìbú. Àpò yẹn á jókòó. Abẹ́rẹ́ 14 dáa fún ànkárá, tó bá ti di jíǹsì tàbí tí stay bá ti wọ̀ ọ́ ẹ lọ sí 16 tàbí 18. Ibi tí ọwọ́ àpò ti so mọ́ ara ẹ̀, ẹ rán igun mẹ́rin sí i, kẹ́ ẹ fa ìlà méjì kí wọ́n dábùú ara wọn nínú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń fà. Tí ẹ bá wá bọ́ sórí awọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ má fi pínnì gún un o, ihò tó bá ti lu kì í padà dí, pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sáṣọ ni kẹ́ ẹ fi dì í mú, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ojú ìránṣọ jìnnà síra, tó bá ti sún mọ́ra jù awọ á ya tẹ̀lé e bí ìwé.

Ti 40. Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò jù mí lọ, wákàtí 5 lọ́nà 40, wákàtí 200 nìyẹn, ẹ sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, màṣíìnì ọlọ́wọ́ sì ni. Èmi tí mo ní ti oníná tí mo sì ní ọmọṣẹ́ méjì, mi ò ní gba oṣù kan fún ẹni tó bá ń dá ṣe é. Àpò ni mo fi ń san owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ mi gan-an, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé títà ló ń pa ìfẹ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú yín yìí, ara yín ò ní gbà á.

Ṣadé_Peckham:

Mo fẹ́ sọ tèmi torí mo ti wà níbi tí ẹ wà yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe jù, ìgbà òtútù kan tí ara ń ṣe mí bákan ni mo ra màṣíìnì kékeré kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ànkárá rán àpò. Tí n bá ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní yàrá yẹn ńṣe ló máa ń dà bíi pé oòrùn yọ. Mo bá gbé e sí Instagram, àwọn èèyàn ń bèèrè, mo ń gbà á, ẹni yìí ní kí n jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ gùn sí i, ẹni yìí ní òun ò fẹ́ láíníǹgì pupa mọ́, búlúù lòun fẹ́, mo tú u, ó tún ní kó padà sí pupa. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, màá jókòó sídìí màṣíìnì láì sùn torí mo ti bá èèyàn ṣàdéhùn. Nígbà tó yá tí mo bá ti gbọ́ kí fóònù dún báyìí inú mi á bà jẹ́. Mo gbé màṣíìnì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, oṣù 8 gbáko mi ò ṣílẹ̀kùn ẹ̀.

Ohun tó gbà mí padà ni pé mo fi iṣẹ́ àdéhùn sílẹ̀. Mi ò gba iṣẹ́ pé kí n rán báyìí báyìí fún ẹnikẹ́ni mọ́ rárá. Èyí tó bá wù mí ni mò ń rán, nígbà tó bá wù mí, tó bá ti parí màá gbé e síta, ẹni tó bá fẹ́ bó ṣe wà yẹn kó rà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa lọ ní àlàáfíà. Owó tó ń wọlé ò tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń wọlé, màṣíìnì mi sì wà lórí tábìlì. Àbúrò, ẹ má gba 40 yẹn, mo bẹ̀ yín.

Ìyá_Aláró:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, ìdí àdìrẹ ni wọ́n bí mi sí, Ìtòkú ni mo ti ń tà.

Tíṣà, mo kọ́kọ́ fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ aṣọ ìyá ẹ yẹn. Gbọ̀ngàn Mápó, ní 1929 ni wọ́n ṣí i, ẹ̀yìn ìgbà náà làwọn obìnrin tó ń ya ẹ̀kọ sí aṣọ mú òpó ẹ̀ wọ inú àdìrẹ, wọ́n wá pè é ní Ìbàdàndùn, orúkọ ìlú tó dùn mọ́ wọn ni wọ́n yà sára aṣọ. Tó bá ṣẹ́ kù lára ẹ̀, má gé e bó ṣe wù ẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojúlé ojúlé ni wọ́n ń pín in, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn ni kó o máa gbé sísọ́ọ̀sì gbà kí àwòrán lè wà lódindi. Kó o sì mọ ojú ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, torí ojú kan la ń ya ẹ̀kọ sí. Omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́, abẹ́ ibòòji ni kó o sá a sí. Tó bá jẹ́ àdìrẹ tuntun lo rà, fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ kó o tó gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró ẹ̀ á ran aṣọ funfun ẹni tó bá gbé àpò náà kọ́ èjìká.

Tí ẹ bá rò pé ṣíṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lógójì, ló ń sú èèyàn, ó ṣòro fún mi láti gbà. Ìyá mi fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, títí ojú wọn fi di bàìbàì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ tí wọ́n bá ń yà á, wọ́n á máa dá orin mọ́ ọn. Ọjà ni wọ́n ń ṣe o, wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ méje. Kò sí èyí tó bá èkejì mu délẹ̀délẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀, torí ọwọ́ èèyàn ni. Ohun tí mo rí tó máa ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni tí wọ́n bá ń kán wọn lójú, tí oníbàárà bá dúró tì wọ́n lórí tó ní kí wọ́n ṣe kíá, kí ẹ̀kọ tó gbẹ wọ́n á ti tì í sínú aró. Aṣọ yẹn kì í dáa, àwọn gan-an ò ní fẹ́ wò ó. Nítorí náà, kì í ṣe 40 ló yẹ kó o bẹ̀rù, ìparí oṣù tó ń bọ̀ yẹn ni. Àwọn àgbà ní ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí wọ́n máa fi ìka tì í sí i lẹ́nu.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Àǹtí Tíṣà, tí ẹ bá ní àgékù aṣọ òkè, ẹ lẹ gum stay mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ TÓ gé e, torí bí sísọ́ọ̀sì bá ti kàn án ó ń tú ni, kò ní dúró dè yín. Nílé wa ńbí a máa ń ní ojú òfì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán agbádá tán, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, àmọ́ ó tó fún ìbòrí àpò tàbí ọwọ́ ẹ̀, ẹtù àti àlàárì tí a bá rán pọ̀ máa ń dùn ún wò. Àpò ò sì kéré nílẹ̀ wa o, iye owó la fi ń kà nígbà ayé owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan ni àpò kan, ẹyọ 20,000 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ wo làbà tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká náà, iṣẹ́ awọ ọ̀hún, ẹni tó ṣe é kò kán ara ẹ̀ lójú.

Tíṣà_Bódìjà:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka ti Ìyá_Aláró sókè fún ọkọ mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n ṣe bó bá ṣe rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ ṣé mà, kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa.

Mo pe ẹni tó fẹ́ súfíníà lánàá. Mo ní mi ò lè ṣe 40, mo ní màá rán 6, fún ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́rin, kò sì ní sí èyí tó máa jọ èkejì, ìgbà tí mo bá parí ẹ̀ ni màá pè é. Inú ẹ̀ kọ́kọ́ bà jẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti sọ fún wọn nílé. Láàárọ̀ yìí ó fi aṣọ ẹbí náà ránṣẹ́ sí mi nínú ọ̀rá, àwọ̀ osàn ni, ó lẹ́wà, mo ti ń rò ó pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á gba jíǹsì.

Mo dé ọjà Gbági ní Sátidé, mo ra hard stay àti fóòmù, mo tú àpò Ìbàdàndùn yẹn palẹ̀, mo gé igun ẹ̀ bí Alápò_Mushin ṣe wí. Stay ni mo fi sí i, ó sì ti dúró! Ó wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ èyí, òpó Mápó dúró gbọnrangandan níwájú ẹ̀. Ọmọ mi ní ó dà bí ilé.

Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí mo gbìyànjú fóòmù lára òmíràn, ẹsẹ̀ màṣíìnì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an débi pé aṣọ ò rìn mọ́, òwú wá ń já. Ṣé màṣíìnì ọlọ́wọ́ ò lè ṣe é ni?

Alápò_Mushin:

Ó lè ṣe é Àǹtí. Ẹ wo orí màṣíìnì lọ́wọ́ òsì, lókè ibi tí abẹ́rẹ́ wà, ẹ máa rí ìdè kan tó rí roboto tó ṣeé fọwọ́ yí, òun ló ń ti ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ yí i sókè díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ á fi rìn, kẹ́ ẹ dán an wò lórí àgékù ná. Kẹ́ ẹ sì gé fóòmù kúrò níbi tí ìránṣọ máa gbà, bíi ìdajì ínṣì létí yípo, kí abẹ́rẹ́ má bàa lu fóòmù rárá níbẹ̀. Tí ẹ bá parí ti ọlọ́sàn yẹn, ẹ fi fọ́tò ẹ̀ hàn wá o.