Mẹ́dà ogun àti mẹ́dà ìrántí: báwo ni tiyín ṣe tẹ̀ yín lọ́wọ́?

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Agolo bisikíìtì kan ni ọmọkùnrin àdúgbò wa gbé wá bá mi. Wọ́n fẹ́ ta ilé bàbá bàbá rẹ̀, ẹni tó ń ra irin àlòkù sì ti gbé agolo náà sórí ìwọ̀n mọ́ ìkòkò àti páànù kí ọmọ yìí tó já a gbà. Ó mọ̀ pé mo máa ń kó mẹ́dà jọ, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ idẹ, pẹ̀lú róbótó funfun méjì. Wọ́n kọ 1939–1945 sára ọ̀kan, Africa sára èkejì, Burma sára ẹ̀kẹta. Ríbọ́ọ̀nù ti Burma ṣì so mọ́ ọn: àwọ̀ aró, pupa fífẹ̀ láàárín, ìlà aláwọ̀ ọsàn tín-ín-rín lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn róbótó yẹn, kìnnìún dúró lórí dírágónì olórí méjì. Ẹni tó bá mojú mẹ́dà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ẹni tó ni agolo yìí bá àwọn ará Ítálì jà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1940 sí 1941, ó padà wá bá àwọn ará Japan jà nínú igbó Burma.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá ọmọ náà ni pé kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn. Ó rò pé ayédèrú ni. Mo ní rárá o. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára mẹ́dà ogun Hítílà tí wọ́n fún àwọn baba wa, wọn kò sì kọ ọ́ sí ti àwọn ọmọ tiwọn náà. Australia àti South Africa ni wọ́n kọ orúkọ sí tiwọn. Nítorí náà, bí agolo yẹn bá fi lè dé ọjà, kò sí ẹni tó máa mọ àyà ẹni tí àwọn ìràwọ̀ náà ti wà mọ́ láyé.

Mo ní kó lọ bá ìyá tó dàgbà jù nínú ẹbí. Ìyá ní bàbá máa ń dárúkọ odò kan ní Burma, Kaladan, pé orí ni àwọn fi ń ru ẹrù gba inú òkè àti igbó, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dìfísọ̀nù 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣe jà níbẹ̀ ní 1944. Ìyá tún sọ ọ̀kan tó là mí lójú: nínú iṣẹ́ ológun, orúkọ ìlú bàbá ni wọ́n fi ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sílẹ̀ nígbà náà nìyẹn, orúkọ rẹ, ìlú rẹ, ó parí. Ẹbí ti ń fi orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé wá a kiri. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i?

Gbogbo ohun tí ìyá sọ la fi pẹ́ńsù kọ sórí ìwé, a sì fi í sínú agolo. Ẹbí ló ni ín, mi ò tilẹ̀ bá wọn dúnàá-dúrà. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ará Ìbarà, Abẹ́òkúta

Àbúrò, orúkọ wà lára tèmi ní tirẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ní ọjà Jànkárà ní Èkó ni mo ti rà á. Fàdákà ni. Orí ọba Gẹ̀ẹ́sì wà níwájú. Lẹ́yìn, obìnrin kan na ẹ̀ka igi síta, kìnnìún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oòrùn ń yọ, wọ́n kọ AFRICA sísàlẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ irú rẹ̀, àfìgbà tí mo nu eruku kúrò lára pẹlẹbẹ fàdákà tóóró tó wà lókè rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: NIGERIA 1918.

Ara mi bù máṣọ. Ogun Àdùbí ni wọ́n ń wí yẹn! Òmìnira Ẹ̀gbá ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa ní 1914. Nígbà tó di 1918, wọ́n gbé owó orí lé wa lórí, iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn èèyàn ṣe kò sì dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹfà, àwọn èèyàn wa dìde, wọ́n hú ojú irin rélùwéè. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì dé láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n dà bò wá. Wọ́n wá fún wọn ní mẹ́dà lé e lórí.

Orúkọ sójà kan àti orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n lù sí etí mẹ́dà náà, bí Ọmọ Ìbàdàn ṣe wí gẹ́lẹ́. Kì í ṣe ìlú Yorùbá. Àwọn kan nílé ní kí n gbé e jù sódò Ògùn. Mi ò ní jù ú. Èèyàn ilé wa kú nínú ogun yẹn, kò sí fọ́tò, kò sí ibojì tí a lè tọ́ka sí. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ mi nìyí pé ó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó yìnbọn ló sì ti wá.

Ìyá Tòmíwá, Peckham

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Tèmi kì í ṣe ti ogun. Báàjì FESTAC ni, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú, ti January àti February 1977 ní Èkó, orí Idia, ìyá ọba Benin, ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú Ọba, mo fi í sáyà lọ sí British Museum láti lọ wo ojúlówó rẹ̀, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí ìjọba wa tọrọ fún àjọ̀dún náà tí wọn ò yá wa. Mo dúró níwájú gíláàsì náà, omi bọ́ lójú mi. Báàjì yìí ti ń dúdú o. Ṣé kí n fi Brasso nù ún?

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má fi Brasso kàn án! Ṣe ló máa ń jẹ ojú àwòrán lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Aṣọ òwú gbígbẹ tó rọ̀ ti tó. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú, nítorí òógùn ọwọ́. Ẹ má sì fi í sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bíi rọ́bà, ìyẹn máa ń mú kí bàbà àti idẹ hu àwọ̀ ewé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ sí British Museum yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé. Bí kò bá ni yín lára, ẹ bá mi ya fọ́tò etí mẹ́dà yẹn yí ká, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ṣáájú orúkọ. Àkọsílẹ̀ àwọn ológun wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀n, màmá wa sì wà nítòsí. Bí wọ́n bá rí nọ́ńbà yẹn níbẹ̀, a ó mọ ikọ̀ tí wọ́n rán wá sí Abẹ́òkúta.