Àtúnṣe ètò ìdènà àjálù káńsù: kí la máa mú nínú ti àwọn erékùṣù, kí la máa yọ?

AraKuje
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Káńsù kan ní FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Abuja, fẹ́ tún ètò ìdènà àjálù rẹ̀ ṣe. Èyí tó wà nílẹ̀ ti lé lọ́dún márùn-ún, ó sì hàn gbangba pé ti ìjọba Guam, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, ni wọ́n wò kọ: ìjì òkun àti súnámì ṣì wà nínú tábìlì àjálù rẹ̀! Àwọn ọ̀gá ní ká yí ọdún padà, ká fi omíyalé 2022 kún un, ká tẹ̀ ẹ́. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe gan-an? Owó ò pọ̀.

Ìyá Máàpù
Ẹ má bá Guam wí, ohun tó yẹ kí wọ́n wò kọ ni wọn ò wò. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù bíi Guam, Puerto Rico àti American Samoa gbọ́dọ̀ máa tún ètò yìí ṣe lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá àkókò lè pàdánù owó ìdènà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ni lẹ́yìn àjálù. Tábìlì iṣẹ́ inú ètò àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ti parí, ṣé ó ń lọ lọ́wọ́, ṣé wọn ò tíì fọwọ́ kàn án, àbí wọ́n ti pa á tì? Kí ló fà á?

Ìdí yẹn gan-an niṣẹ́. Bí afárá kan ò bá ṣeé ṣe torí pé FCTA (àjọ tó ń ṣàkóso FCT) ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, tí ẹ bá tún un kọ sábẹ́ káńsù, bó ṣe wà náà ni yóò wà. Lẹ́tà sí FCTA ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ẹ yọ súnámì. Ẹ má yọ ìmìtìtì ilẹ̀ o: ilẹ̀ gbọ̀n ní Mpape, l'Abuja, ní oṣù kẹsàn-án 2018. Ẹ kàn fi sí ìsàlẹ̀ tábìlì. Èyí táwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé ni dáàmù. Bí káńsù yín bá wà lẹ́bàá odò Usuma, ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ Lower Usuma Dam lẹ wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o: bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn omi, ta ni wọ́n ń pè, wákàtí mélòó sì ni omi fi ń dé ọ̀dọ̀ yín? Dáàmù Alau ya ní Maiduguri ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ẹ má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Ẹnjiníà Lugbe
Kí ẹ fi 2022 kún un kò ní sọ bí àgbàrá ṣe ń pọ̀ sí i bí ilé ṣe ń pọ̀. Ẹ wò ó báyìí. Ká ní hẹ́kítà 120 ló ń da omi sí gọ́tà kan, òjò sì ń rọ̀ ní milimítà 80 ní wákàtí kan. Nígbà tó ṣì jẹ́ oko, ká ní ìdá 0.4 òjò ló ń ṣàn: 0.4 × 80 × 120 ÷ 360 (360 yẹn ló ń sọ milimítà àti hẹ́kítà di kúbíìkì mítà ní sẹ́kọ́ǹdù), ó jẹ́ kúbíìkì mítà 10.7 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí wọ́n bá kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n to íńtalọ́ọ̀kì sí gbogbo àgbàlá, ìdá yẹn lè di 0.75, omi á sì di 20. Gọ́tà ò yí padà, òjò ò yí padà. Àdúgbò kékeré nìkan ni ìṣirò yìí wà fún, ẹ má fi ṣe odò Usuma.

Ní ti máàpù gíga ilẹ̀: ọ̀fẹ́ ni ti Copernicus (ètò sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù) oní mítà 30, àmọ́ orí òrùlé àti orí igi ló ń wọ̀n. Ó wúlò fún odò ńlá. Fún gọ́tà àdúgbò, irọ́ ni yóò pa fún yín. Sátẹ́láìtì Sentinel-1, tó ń lo rédà, ń ríran gba inú kùrukùru òjò, Sentinel-2 ò lè ṣe é, ṣùgbọ́n omi tó wà láàárín ilé tó fún pọ̀ máa ń bọ́ mọ́ Sentinel-1 náà lójú. Nítorí náà, ẹ gbé téèpù dání: ibi tí ẹrẹ̀ ti fàlà sára ògiri, ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ má gbára lé gíga tí fóònù ń kọ. Google Open Buildings, àkójọ ilé tí Google fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣe, á jẹ́ kẹ́ ẹ ka iye ilé láìná kọ́bọ̀.

Bàbá Bọ́jẹ́ẹ̀tì
Iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀ka tó ni ín, iye owó, ibi tí owó á ti wá àti oṣù tí yóò parí, ẹ yọ ọ́. Kíkó ẹrẹ̀ gọ́tà gbọ́dọ̀ parí ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé. Ẹ fi owó tírélà tí yóò kó o lọ sí i! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kó ẹrẹ̀ jáde, wọ́n á dà á sí etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá a padà wọlé.

AraKuje
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀gá kan ní irú 2022 ẹ̀ẹ̀kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún ni, pé ká má fi owó ṣòfò.

Ìyá Máàpù
Ẹ bi wọ́n pé 2012 ńkọ́? Lokoja rí méjèèjì láàárín ọdún mẹ́wàá. Omíyalé "ọgọ́rùn-ún ọdún" ni èyí tó ní àǹfààní ìdá 1 nínú 100 láti ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lánàá. Fún ilé tí yóò dúró fún ọgbọ̀n ọdún, ìyẹn ń lọ sí bíi ìdá 26 nínú 100. Èyí ni kí ẹ kọ sínú ètò, ẹ má kọ "ọgọ́rùn-ún ọdún" rárá.