Kí ló dé tí ọkọ̀ tó ń lé èkejì rẹ̀ lójú òfuurufú fi ń jìnnà sí i?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo ń kà nípa Gemini 4, ìrìn-àjò àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà ọdún 1965, níbi tí James McDivitt ti gbìyànjú láti súnmọ́ apá kan lára rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn gòkè. Ó kọ imú ọkọ̀ rẹ̀ sí i, ó sáré lé e, ṣùgbọ́n dípò kí ó bá a, ńṣe ni ó ń jìnnà sí i, títí tí wọ́n fi pa ètò náà tì nítorí epo. Bí ó bá ṣòro tó báyìí nítòsí ayé, báwo ni àwọn Apollo, ìrìn-àjò àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá, ṣe gbójú lé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá òṣùpá, níbi tí ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ rẹ̀ bá kò ní padà wálé mọ́?

Ìdáhùn kìíní:
Ọgbọ́n ojú títì ló tan McDivitt jẹ. Ohunkóhun tó bá ń yí ayé tàbí òṣùpá po, ṣíṣubú ni ó ń ṣubú, eré tó ń sá ni kò jẹ́ kí ó balẹ̀. Bí ó bá fi kún eré náà, ipa ọ̀nà rẹ̀ yóò ga sí i. Ọ̀nà òkè gùn, eré ibẹ̀ sì falẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà yóò pẹ́ kí ó tó yípo tán, ẹni tó ń lé yóò sì di ẹni ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ̀ iwájú ní láti kọ́kọ́ dín eré kù, kí ó rẹlẹ̀, kí ó gba ìsàlẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí ó wá gòkè lọ pàdé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni Buzz Aldrin, tó wà nínú Apollo 11, fi ṣe àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní ọdún 1963, ó sì wúlò fún un nínú Gemini 12 nígbà tí rédà wọn, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọkọ̀ iwájú ṣe jìnnà tó, kọṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Apollo 11 ṣe ní ọdún 1969. Eagle, ọkọ̀ tó balẹ̀ sórí òṣùpá, gbéra níbẹ̀ bọ́ sí ipa ọ̀nà tí ibi tó rẹlẹ̀ jù jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 17 sí ilẹ̀ òṣùpá, tí ibi tó ga jù sì jẹ́ nǹkan bí 83, nígbà tí Columbia, ọkọ̀ ńlá tí Michael Collins fi dúró dè wọ́n lókè, ń yípo ní nǹkan bí 110. Ó gbà wọ́n ju wákàtí 3 àbọ̀ lọ kí wọ́n tó so pọ̀.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi gbogbo rẹ̀ lé Eagle lọ́wọ́. Columbia náà lè sọ̀kalẹ̀ lọ wá a, Michael Collins sì so ìwé kan mọ́ ọrùn tó ní ọ̀nà 18 tí òun lè gbà lọ gbà wọ́n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ́ńjìnnì tó gbé Eagle kúrò lórí òṣùpá: ẹyọ kan ni, kò ní ìrọ́pò.

Ìdáhùn kẹta:
Ẹ má fojú di ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà tó kẹ́yìn o. Nínú Apollo 14, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1971, nígbà tí wọ́n ṣì ń lọ sí òṣùpá, ọkọ̀ méjèèjì ti rí ara wọn, kò sì sí ohun tó ṣe ìṣirò, síbẹ̀ wọn kò lè so. Ọ̀pá kan wà ní imú ọkọ̀ ńlá tí Stuart Roosa ń wà, ìkọ́ kéékèèké 3 sì wà lórí ọ̀pá náà; ihò tó wà lára ọkọ̀ kejì, èyí tí yóò balẹ̀ sórí òṣùpá, fẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń tín-ínrín wọlé bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ọ̀pá náà wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìkọ́ náà kò mú. Ní ìgbà kẹfà, Roosa fi ọkọ̀ ti èkejì, kò dẹwọ́, wọ́n sì fa ọ̀pá náà wọlé kí àwọn ìkọ́ ńlá 12 tó wà ní etí ọ̀nà àbákọjá láàárín ọkọ̀ méjèèjì lè kan ara ọkọ̀ kejì fúnra wọn. Wọ́n mú. Ó ti tó nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 42 tí wọ́n ti wà lórí rẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n máa ń jù nù lẹ́bàá òṣùpá, ti Apollo 14 ni wọ́n gbé padà wá sílé láti tú u wò.